Àtẹ̀gùn Méje Tí Mo Kọ́ Sẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro ó bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ tàbí kí ẹ máa wá iṣẹ́ ìjọba kiri, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀. Èmi Ràímì, ọmọ Ìkàrẹ́, iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lẹ́nu mi títí orúnkún mi méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. N kò wá polówó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni o. Bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá gbà mí, mo jẹun nídìí ẹ̀, mo tọ́ ọmọ nídìí ẹ̀. Ìyẹn tó lórí bí mo ṣe wọṣẹ́ àti ohun tí mo rí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bàbá Alátẹ̀gùn ni wọ́n ń pè mí láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, nítorí pé bí ẹlòmíràn bá mọ ògiri í mọ, tí ẹlòmíràn sì mọ òrùlé í kàn, èmi, àtẹ̀gùn ni mo mọ̀ ọ́n kọ́. Ilẹ̀ tiwa, òkè ni gbogbo rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí ará rẹ, ìwọ yóò gòkè. Bí o bá fẹ́ lọ gba owó ọ̀yà rẹ, ìwọ yóò gòkè. Torí náà ebi kò pa ẹni tó mọ àtẹ̀gùn í kọ́ ní Àkókó.

Ọ̀gá Jímọ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Ọ̀kà ni, ó kúrú, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà lórí òkè kejì. Odidi ọdún kan ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan tírówẹ̀lì. Omi ni mo ń pọn, iyanrìn ni mo ń jọ̀, kọnkéré ni mo ń fi ṣọ́bìrì pò títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Bí mo bá ráhùn, á ní, "Ràímì, ọwọ́ tó bó yẹn ni sátífíkéètì rẹ. Máa pò ó lọ."

Ti àtẹ̀gùn ni kì í fi ṣeré rárá. Gíga ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dọ́gba, íńṣì mẹ́fà mẹ́fà. Tí ọ̀kan bá fi ìbú ìka kan ṣoṣo ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wàhálà dé. Tí a bá ti kọ́ àtẹ̀gùn tán, tó ti gbẹ dáadáa, Ọ̀gá á bọ́ bàtà, á di ojú rẹ̀ méjèèjì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ níbì kan, kò ní pariwo. Á kàn na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí a gbé òòlù wá.

Nígbà kan ní Ṣúpárè, díẹ̀ ló kù kí ìgbésẹ̀ kẹrin tí mo kọ́ gbé e ṣubú. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò bá lajú yín ni. Ta ló ń dijú gun àtẹ̀gùn?"

Ó wò mí bí ẹni wo ewúrẹ́ tó jẹ gàrí ẹni. Ó ní, "Ẹni tó ru iṣu bọ̀ láti oko, ṣé ó lè tẹrí ba wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀? Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ńkọ́? Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ nìkan kọ́ àtẹ̀gùn, ara rẹ̀ nìkan ló kọ́ ọ fún."

Mo fọ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ́jọ́ náà, mo sì tún wọn kọ́. Inú bí mi débi pé n kò jẹun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, n kò kọ́ àtẹ̀gùn kan tí n kò dijú gùn kí n tó gbé e fún onílé.

Ohun kejì tó kọ́ mi ni ti ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí tí a máa ń fi erùpẹ̀ àti pákó ṣe níbi iṣẹ́ kí bárò lè gba ibẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù gòkè. Ọ̀gá kì í wọn ìyẹn. Á ní, "Bu iyanrìn tútù kún bárò, kí o tì í. Bí bárò bá ti gùn ún, ọ̀nà ti dọ́nà nìyẹn." Mo gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni gbá ẹ̀kọ́ kéwú mú. Ẹ fi sọ́kàn, a óò padà débẹ̀.

Kí n tó kúrò lórí ìgbà ọmọ iṣẹ́, ohun kan wà tí mo rí tí n kò rí. A kọ́ ilé fún ọlọ́jà kan ní Ìkàrẹ́, ilé tó ga, ìgbésẹ̀ mọ́kànlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílé, àwọn àáfà wá, àwọn pásítọ̀ náà wá, gbogbo wa wà lókè nínú pálọ̀. Télọ̀ kan wà ládùúgbò nígbà náà, ọwọ́ ló fi ń rìn, àìsàn ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kékeré. Òun ló rán aṣọ tí onílé wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ bá a, ẹran tó tóbi ni wọ́n sì fi sí i. Gbogbo wa rò pé oore la ṣe. Èmi gan-an ni mo gbé àwo náà sọ̀ kalẹ̀.

Ó kí mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní pálọ̀ náà dára." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì tún gòkè padà.

Mo gba fíríìdọ̀mù mi, mo dá dúró. Nǹkan ń yí padà. Nígbà tiwa, rọ́bà gígùn tí a bu omi kún ni a fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú: ẹnìkan á di etí kan mú, ẹnìkejì á di etí kejì mú, ibi tí omi bá dúró sí lápá kìíní náà ni yóò dúró sí lápá kejì. Omi kì í purọ́. Lónìí, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, á tan iná pupa sára ògiri, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń po kọnkéré. N kò bá ẹ̀rọ jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ fún ọ ẹni tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tí ò ń kọ́ kọjá.

Nígbà tí orúkọ mi ti rinlẹ̀ ni wọ́n pè mí sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Ọ̀kà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má bi mí. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú pílánù wọn. Èmi ni mo sọ fún kọngílátọ̀ pé mẹ́ta kéré. Mo ní omi òjò tó ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè yóò wọlé, kí wọ́n jẹ́ ká gbé ìpìlẹ̀ ga, ká ṣe é ní méje. Òótọ́ ni pé omi ń ṣàn. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́rin á tó fún omi náà. Mẹ́ta tó kù, ẹwà ni mo fi wọ́n wá. Mo fẹ́ kí ènìyàn gbójú sókè kó tó rí ilẹ̀kùn. Mo dijú gun méjèèje, ẹsẹ̀ mi kò kọ rárá, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọdún gorí ọdún. Mo gbé tírówẹ̀lì sílẹ̀, mo fìdí mọ́lé ní Ìkàrẹ́, mo ń bójú tó adìyẹ. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan gun kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sílé mi. Awakọ̀ ló bá a gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, èyí onírin tí ènìyàn ń fọwọ́ yí táyà rẹ̀, ó fọwọ́ ti ara rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀, ó sì yí i wá síwájú mi. Orúkọ rẹ̀ ni Fúnkẹ́, ọmọ Ọ̀kà. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbé e.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kúulé o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́ àtẹ̀gùn iléeṣẹ́ wa."

Mo ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Ó ti sán ni?"

Ó ní, "Kò sán rárá, Bàbá. Ó le koko. Òun ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ ń pa mí. Àtẹ̀gùn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn báwo? Ó wá ṣàlàyé. Òfin kan wà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún àwọn akàndá ẹ̀dá. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ torí àbùkù ara du ènìyàn níṣẹ́ tó tóótun fún. Nítorí òfin yìí, àti nítorí pé ó yege nínú ìdánwò, wọ́n gbà á síṣẹ́ akọ̀wé. Wọ́n kò sì lé e. Ṣùgbọ́n ìwé ìfọwọ́sí wà lókè, wọ́n ń fa ìlà pupa sí i ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Fúnkẹ́ á ti dé ní aago méje ààbọ̀, á dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn mi. Mẹ́gáàdì méjì ló ń gbé e gòkè bí àpò gàrí, tòun ti kẹ̀kẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá tíì dé, tàbí tó lọ ra mọ́ínmọ́ín, Fúnkẹ́ á máa wo ilẹ̀kùn títí ìlà pupa á fi kọjá. Wọ́n ti fún un ní kuẹ́rì méjì nítorí pé ó pẹ́ dé. Ó ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Bí kuẹ́rì kẹta bá wọlé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Mo ní, "O ò sọ fún ọ̀gá yín ni?"

Ó ní, "Mo sọ. Wọ́n ní gbogbo òṣìṣẹ́ ni òfin ìlà pupa mú, àwọn kò lè ṣe ojúsàájú."

Ó fa ìwé òfin náà yọ, ó ti fi ìlà sí ibi kan. Ó kà á fún mi pé ilé tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí oníkẹ̀kẹ́ lè gbà, àti pé wọ́n fún àwọn ilé àtijọ́ ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti kọjá. Ó ní, "Mo lè lọ sílé ẹjọ́, Bàbá. Òfin gbà mí láyè. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó parí, mo ti lè máa ta ẹ̀pà."

Nítorí náà, òfin ló gbé ọmọ yìí dé ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kò jẹ́ kó wọlé. Télọ̀ ọjọ́ ìṣílé yẹn wá sí mi lọ́kàn, òun pẹ̀lú àwo ẹran rẹ̀. Mo gbé tírówẹ̀lì.

Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, dáírẹ́kítọ̀ ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbà pé kí a ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ó kàn bá mi jáde, ó na ìka sí igi máńgòrò tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dé ibí yìí o. Oòrùn Ọ̀kà kò dára fún ọkọ̀."

Ibi tó kù kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lọ. Ìgbésẹ̀ méje, íńṣì mẹ́fà mẹ́fà, íńṣì méjìlélógójì ni gíga rẹ̀. Mo da kọnkéré sí i, mo fi tírówẹ̀lì na ojú rẹ̀ tó ń dán. Nígbà tó gbẹ, mo ṣe ohun tí Ọ̀gá Jímọ̀ kọ́ mi: mo bu iyanrìn tútù kún bárò, mo tì í. Mo mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n bárò gùn ún. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ láti ojú fèrèsé, ẹnìkan ya fọ́tò èmi àti dáírẹ́kítọ̀. Fúnkẹ́ wà nínú ilé nídìí tábìlì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé kí n pè é.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, ó dé. Ó sọ fún àwọn mẹ́gáàdì pé kí wọ́n jókòó, òun ti di ẹni ara òun. Ó yí táyà lẹ́ẹ̀kan, ó gòkè. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, apá rẹ̀ kò ká a mọ́, kẹ̀kẹ́ náà yí padà sẹ́yìn, ó sì dojú dé. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ kán.

Ilé rẹ̀ ni mo gbà lọ nígbà tí mo gbọ́. Wọ́n ti de ọwọ́ náà. Ìyá rẹ̀ kò wojú mi, ó kàn sọ sí afẹ́fẹ́ pé, "A kì í fárí lẹ́yìn olórí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí pé òótọ́ ni.

Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ kò bínú tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì tún burú jù. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní bárò lẹ fi dán an wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ta ló ń ti bárò?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń ti kẹ̀kẹ́ tèmi?"

Ọdún tí mo ti ń ti bárò kò níye, n kò rò ó rí pé agbára ẹni tó dúró lẹ́yìn ni mo ń dán wò. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ ìyá rẹ̀. Ojú tì mí, mo sì sọ fún wọn pé ojú tì mí.

Ó wá fi ọwọ́ kan tó kù ṣí fóònù rẹ̀. Ó ní ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń kọ́lé fún oníkẹ̀kẹ́ ń lò: íńṣì kan lọ sókè, íńṣì méjìlá lọ síwájú. Mo bá a ṣírò rẹ̀. Íńṣì méjìlélógójì sókè, ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì síwájú. Mo pariwo pé, "Háà! Ìyẹn á gba abẹ́ máńgòrò kọjá!" Ó ní, "Ìyẹn ni wọn kò fẹ́, Bàbá." Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó tó ọmọ-ọmọ mi ló kọ́ mi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ọjọ́ ogbó mi.

Mo padà lọ bá dáírẹ́kítọ̀. Ó ní inú òun kò dùn sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ní kí ọ̀nà wà, ọ̀nà ti wà, àwọn sì ní fọ́tò rẹ̀. Ó ní bóyá kí ọmọ náà kúkú wá iṣẹ́ tó rọrùn tó lè máa jókòó sílé ṣe.

N kò bá a jiyàn. Mo ti yá kẹ̀kẹ́ Fúnkẹ́ wá. Mo gbé e kalẹ̀ sídìí ọ̀nà tí mo ṣe, mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó sínú rẹ̀. Dáírẹ́kítọ̀ sáré jáde. "Bàbá, kí lẹ ń ṣe yìí?"

Mo ní, "Mo ń dán iṣẹ́ mi wò, sà."

Apá tó ti gbé búlọ́ọ̀kù láti ìgbà èwe ni mo fi yí i. Mo dé ibi tí ọmọ yẹn dé, n kò kọjá ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí sẹ́yìn, mẹ́gáàdì kan ló gbá mi mú. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fọwọ́ nu ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà, mo ní, "Ó kàn yín, sà."

Ó wo kẹ̀kẹ́. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tó yọrí lójú fèrèsé, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò jókòó. Ó ki ọwọ́ bàpò, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó sì pe dírẹ́bà rẹ̀ pé kó gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò.

Mo fọ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ fúnra mi. Rọ́bà omi ni mo fi wọn èkejì, nítorí pé òun ni ọwọ́ mi mọ̀. Mo gbé e lọ síwájú dé abẹ́ máńgòrò, mo ṣe ibi pẹrẹsẹ kan síbẹ̀ tí ènìyàn lè dúró mí, kí n tó ṣẹ́rí rẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà. Mo fi irin ìdìmú sí i lọ́tùn-ún lósì. Ojoojúmọ́ ni Fúnkẹ́ ń wá tòun ti ọwọ́ dídè, ó ń jókòó lábẹ́ igi, ó ń bá mi wí: "Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dán, táyà á yọ̀." "Bàbá, ibi pẹrẹsẹ yẹn kéré." Ọ̀gá Jímọ̀ kò yọ mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó gùn ún. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jinná, òun náà gùn ún, mo dúró lókè, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn kí n má baà fọwọ́ kàn án. Ó wọlé lọ. Ó fọwọ́ síwèé ní aago méje ààbọ̀ kọjá díẹ̀.

Wọ́n fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí àkókò tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe, ẹ ṣe èyí tó bá wù yín. Èmi, ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ: ẹni tí o ń ṣe é fún, pè é kí sìmẹ́ńtì tó gan.

Láìpẹ́ yìí mo lọ sí Ọ̀kà, orúnkún mi ń ro mí, mo jókòó sí abẹ́ máńgòrò náà kí n sinmi. Aago mẹ́jọ ti kọjá. Mo rí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó sáré dé, Fúnkẹ́ ni. Apá kan irun rẹ̀ ló dì, apá kejì ṣì wà láìdì, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo pariwo, "Fúnkẹ́! Kí ló dé? Ta ló dá ọ dúró?"

Ó ti dé ibi pẹrẹsẹ, kò dúró. Ó ní, "Bàbá, kò sẹ́nìkan o! Oorun ló gbé mi lọ! Ẹ̀bi mi ni lónìí, tèmi nìkan!"

Ó rẹ́rìn-ín gun ìyókù, ó wọlé. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ìlà pupa bíi ti òṣìṣẹ́ èyíkéyìí tó bá sùn gbàgbé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kí ó máa bọ́.